“Sọ Fún Wọn Pé Gémù Ni!”

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń kọ̀wé sí mi pé kí n dẹ́kun kíkọ ìtàn àwọn ìkà, ẹ ṣí ojú ewé yìí kọjá. Ọ̀rọ̀ Nathaniel ni mo gbé wá lọ́tẹ̀ yìí, òun fúnra rẹ̀ ló sì ní kí n kọ ọ́. Ó ní kí n má fi nǹkan kan bò. N ò ní í fi bò.

Ó kọ́kọ́ sọ fún mi pé iṣẹ́ Èṣù ni. Mo ní kó gbẹ́nu dákẹ́. Èṣù ò mọ bí wọ́n ṣe ń gé ohùn inú fóònù. Nathaniel mọ̀ ọ́n.

Nathaniel ní ṣọ́ọ̀bù gémù kan n'Ìkàrẹ́. Láptọ̀ọ̀pù àlòkù ló tò síbẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn ọlọ́kadà a sì máa wá gbá bọ́ọ̀lù ojú kọ̀mpútà. Wàhálà ibẹ̀ ò ju ọ̀kan lọ: gémù tuntun wúwo, láptọ̀ọ̀pù sì ti gbó. Bí èèyàn bá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n báyìí, àwòrán á há. Kó tó tú, bọ́ọ̀lù ti dé ọwọ́ aṣọ́lé. Ìjà ni wọ́n sì fi ń parí ẹ̀.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló yọ ọ́ nínú wàhálà yìí. Fálúyì lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ọ̀kà, wọ́n jọ ṣe ilé ẹ̀kọ́ girama. Fálúyì kì í ṣe aláriwo. Inú yàrá nílé ìyá rẹ̀ l'Ọ̀kà ló ti ń ṣiṣẹ́: á ṣí inú gémù, á yọ ohun tó ń mú un wúwo, á fi èyí tó fúyẹ́ rọ́pò rẹ̀. Mọ́ọ̀dù ni wọ́n ń pe irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀. Bó bá ti ṣe é tán, láptọ̀ọ̀pù tó ń gbóná, tó ń mí hẹlẹ, á wá máa gbé gémù náà lọ geere.

Ó ní ìwà kan. Kì í pe nǹkan inú gémù lórúkọ òyìnbó. Yorùbá ló fi ń pè é, kí ẹni tí kò kàwé jìnnà lè mọ ohun tí wọ́n ń ṣe fún un. Dúdú tó ń tẹ̀lé agbábọ́ọ̀lù lórí koríko, òjìji ni. Àwọn òǹwòran tó jókòó yí pápá ká, èrò ni. Awọ tí wọ́n fi bo orí agbábọ́ọ̀lù kó lè jọ èèyàn gidi, ojú ni. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù ti kọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀.

“Fálúyì, bá mi yọ òjìji!” Marwa á pariwo láti ẹnu ọ̀nà. Ọlọ́kadà ni Marwa, òun ló ń ná Ìkàrẹ́ sí Ọ̀kà, l'Ọ̀kà ló sì ń gbé. “Òjìji ló ń jẹ́ kí tèmi há!”

“Ṣé kí n yọ ojú náà?”

“Yọ ojú, yọ èrò, yọ gbogbo ẹ̀! Ṣáà jẹ́ kó sáré!”

Wọ́n á bú sẹ́rìn-ín. Nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn, ọ̀rọ̀ lásán ni.

Ohun tó wá ń dun Nathaniel ni pé kò sẹ́ni tó ń wá nítorí tirẹ̀ mọ́. Àwọn ará Ṣúpárè, àwọn ará Ìkáràm, ìbéèrè kan náà ni: “Ṣé ti Fálúyì lẹ ní níbí?” Òun ló ni ṣọ́ọ̀bù o, òun ló ni àga, òun ló ni jẹnẹrétọ̀. Á rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní bẹ́ẹ̀ ni. 

Bó ṣe wà nìyẹn tí àtẹ̀jíṣẹ́ kan fi wọlé sórí fóònù ṣọ́ọ̀bù. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Àsíátù ló kọ ọ́, láti ilé iṣẹ́ kan l'Ákùúrẹ́ tó ń ṣe gémù fún àwọn tí fóònù wọn ò lágbára. Ó ní àwọn ti rí mọ́ọ̀dù náà, ó jọ àwọn lójú, àwọn sì fẹ́ gba ẹni tó ṣe é síṣẹ́. Ó béèrè pé, “Ṣé ẹ̀yin lẹ ṣe é, sà?”

Nọ́ńbà ṣọ́ọ̀bù ni Fálúyì kọ sára iṣẹ́ rẹ̀, torí kò fẹ́ kí àwọn tí kò mọ̀ máa pe òun. Ó fọkàn tán ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Nathaniel ka àtẹ̀jíṣẹ́ náà, ó tún un kà. Ó bojú wẹ̀yìn bíi pé ẹnì kan ń wo òun. Ó wá tẹ̀ ẹ́ pé, “Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Èmi ni.”

Ẹ wò ó, ká ní ó dúró níbẹ̀ yẹn ni, à bá dárí jì í. Irọ́ kékeré nìyẹn, ó ṣì ṣeé gbé mì. Ṣùgbọ́n Àsíátù ní kó ṣàlàyé bó ṣe ṣe é, Nathaniel ò sì mọ nǹkan kan. Ló bá lọ wá fóísì nóòtì tí Fálúyì fi ránṣẹ́ sí i láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ó gé ibi tí Fálúyì ti pe orúkọ rẹ̀ kúrò, ó fi ìyókù ránṣẹ́ sí Àkúrẹ́, bíi pé ohùn tirẹ̀ ni.

Bí ohùn náà ṣe lọ nìyí:

“Gémù bọ́ọ̀lù yẹn ti ń lọ dáadáa lórí láptọ̀ọ̀pù kékeré. Mo ti yọ òjìji gbogbo wọn. Èrò yẹn náà, mo ti pa ìdajì wọn rẹ́. Ojú wọn ló kù. Mo ti bó o, mo tẹ́ ẹ síwájú mi báyìí. Àwọn ọmọ kéékèèké tó wà létí pápá ni n ò tíì fọwọ́ kàn. Àwọn gan-an ló wúwo. Lọ́la ni n ó mú wọn kúrò, gbogbo ẹ̀ á wá fúyẹ́.”

Àwọn ọmọ tó ń bá wọn ṣa bọ́ọ̀lù tó bá jáde ló ń sọ. Inú Àsíátù dùn gan-an. Ó ní òun ń bọ̀ n'Ìkàrẹ́ láti wá rí i lójúkojú.

Wàhálà dé bá Nathaniel. Fálúyì kì í pẹ́ kó tó yọjú sí ṣọ́ọ̀bù. Bí obìnrin yìí bá bá àwọn méjèèjì níbẹ̀, ìbéèrè kan ti tó láti tú u láṣìírí. Fálúyì ò gbọdọ̀ sí nítòsí lásìkò yẹn. Ohun tó wà lọ́kàn òun nìyẹn, ó búra fún mi. Ó ní òun kàn fẹ́ kí wọ́n dẹ́rù bà á kó sá lọ bá àwọn ẹbí ìyá rẹ̀ n'Ífira fún ìgbà díẹ̀ ni. Kí ẹ̀yin náà gbà á gbọ́ bí ẹ bá lè gbà á gbọ́.

Ẹ̀gbọ́n ìyá Nathaniel kan wà l'Ọ̀kà, Dikónẹ́ẹ̀sì Florence. Ògiri kan ló la ilé rẹ̀ àti ilé Ìyátúndé, ìyá Fálúyì. Ahunṣọ ni Ìyátúndé, iṣẹ́ ìyá rẹ̀ ló jogún, ọdún ìbílẹ̀ ni wọ́n sì ń ṣe nílé wọn, wọn kì í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ti pẹ́ tí Florence ti ń sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbọ́ pé ọmọkùnrin tí kì í jáde nínú yàrá yẹn, nǹkan kan ń bẹ níbẹ̀.

Florence ná ọjà Ìkàrẹ́ wá, ó sì yà sí ṣọ́ọ̀bù láti mu omi. Nathaniel ti ń retí rẹ̀. Ó ti tún gé ohùn náà. Gbogbo ibi tí gémù, bọ́ọ̀lù àti láptọ̀ọ̀pù ti jẹyọ, ó ti yọ ọ́ kúrò níwájú. “Mo ti yọ òjìji gbogbo wọn” ló wá fi bẹ̀rẹ̀.

“Mọ́mì, ọkàn mi ò balẹ̀,” ó ní. “Ẹ bá mi gbọ́ nǹkan kan.”

Ó tẹ̀ ẹ́. Ohùn Fálúyì jáde, ó rọlẹ̀, inú rẹ̀ dùn sí iṣẹ́ rẹ̀.

Báàgì ọjà bọ́ lọ́wọ́ Florence, tòmátì sì dà sílẹ̀.

“Òjìji ta ló yọ?”

“N ò mọ̀, Mọ́mì.”

“Ọmọ kéékèèké wo? Létí pápá wo? Ṣé pápá ilé ìwé wa?”

“N ò mọ̀ o. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Ẹ má sọ pé ọ̀dọ̀ mi lẹ ti gbọ́ ọ.”

“Fi ránṣẹ́ sí mi.”

“Mọ́mì…”

“Mo ní kí o fi ránṣẹ́, Nathaniel!”

Ó fi ránṣẹ́. Ó tiẹ̀ bá a ṣa tòmátì.

Kí Florence tó gun orí òkè padà dé Ọ̀kà, ohùn náà ti wọ Wátsáàpù ẹgbẹ́ àwọn ìyá nínú ìjọ, ó ti wọ ti àwọn òbí ilé ìwé, ó ti wọ ti àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò. Lọ́jọ́ kejì, àwọn ìyá sáré lọ kó ọmọ wọn nílé ìwé. Ibà ń ṣe ọmọbìnrin kékeré kan. Wọ́n gbé e jáde sínú oòrùn láti wò ó bóyá òjìji rẹ̀ ṣì wà. Ọ̀sán gangan ni, oòrùn wà láàárín orí. Òjìji wo ni wọ́n fẹ́ rí?

“Kò ní òjìji! Yéè! Kò ní òjìji!”

Kò sẹ́ni tó wo ilẹ̀ ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ilé Ìyátúndé ni gbogbo wọn kọjú sí.

Fóònù Nathaniel dún n'Ìkàrẹ́. Fálúyì ni. Ariwo tó wà lẹ́yìn ohùn rẹ̀ pọ̀ débi pé Nathaniel gbé fóònù jìnnà sétí.

“Nathaniel! Wọ́n fẹ́ já ilẹ̀kùn yàrá mi! Wọ́n ní mo ń fi ọmọ ṣoògùn owó! Mo ṣàlàyé títí, wọn ò gbọ́. Mo ti gbé e sí sípíkà, gbogbo wọn ló ń gbọ́ ọ. Jọ̀ọ́, sọ fún wọn pé gémù ni! Ọmọ Dikónẹ́ẹ̀sì ni ọ́, wọ́n á gbà ọ́ gbọ́. Sọ fún wọn pé gémù ni!”

Ariwo náà rọlẹ̀. Wọ́n dúró lóòótọ́. Ohùn Florence gba ẹ̀yìn ilẹ̀kùn wọlé.

“Nathaniel, ọmọ mi. Ṣé gémù ni?”

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ mọ̀ pé “bẹ́ẹ̀ ni” péré ló kù. Gbogbo wọn ì bá tú ká. Wọn ì bá tiẹ̀ máa fi ara wọn rẹ́rìn-ín bí wọ́n bá ṣe ń lọ sílé. Ṣùgbọ́n Nathaniel mọ̀ pé bí òun bá ti sọ pé gémù ni, Florence á béèrè pé kí ló dé tó fi sọ pé ẹ̀rù ń ba òun. Á béèrè ẹni tó gé e. Ọ̀rọ̀ náà á sì dé Àkúrẹ́. Nínú ṣọ́ọ̀bù, Marwa ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n ni, ó ń jó. Nathaniel bọ́ sẹ́yìnkùlé, ó pa ilẹ̀kùn dé.

“Fálúyì,” ó ní, ó jẹ́ kí ohùn rẹ̀ gbọ̀n díẹ̀, “ṣebí mo bẹ̀ ọ́ pé kí o fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀.”

Fálúyì ò pariwo. Ó kàn ní, “Nathaniel?” bí ẹni tó rò pé òun ti pe nọ́ńbà ẹlòmíràn. Ilẹ̀kùn já. Fóònù kú.

Nathaniel padà sínú ṣọ́ọ̀bù. Ó ta mineral fún ẹnì kan.

Ohun tí wọ́n bá lójú láptọ̀ọ̀pù Fálúyì ló wá mú un burú sí i. Ojú àwọn agbábọ́ọ̀lù ló ṣí sílẹ̀ níbẹ̀. Bí ojú inú gémù ṣe máa ń rí nìyẹn bí wọ́n bá bó o kúrò lórí: awọ pẹrẹsẹ, etí lápá ibí, etí lápá ọ̀hún, ihò níbi tí ẹyinjú yẹ kó wà. Ó tò wọ́n sórí ìlà bí aṣọ tí wọ́n sá. Obìnrin kan dákú. Àwọn ọkùnrin tó ti fẹ́ máa fà sẹ́yìn tẹ́lẹ̀ wá ya wèrè.

“Ojú ọmọ ọlọ́mọ nìyí! Ẹ̀yin èèyàn, ẹ wo ojú ọmọ ọlọ́mọ!”

“Ojú tirẹ̀ náà ńkọ́?” ẹnì kan wí.

Ẹnì kan ló gbé omi bátìrì wá láti ọ̀dọ̀ rewáyà tó ń tún iná mọ́tò ṣe, ó sì dà á sí Fálúyì lójú. Títí di òní yìí, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Wọ́n wó òfì tí ìyá rẹ̀ fi ń hunṣọ, wọ́n sun òfì náà pẹ̀lú aṣọ tó wà lórí rẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá wá, wọ́n béèrè, kò sẹ́ni tó rí nǹkan kan. Àwọn dókítà l'Ọ̀wọ̀ gba ẹ̀mí Fálúyì là. Wọn ò rí ojú rẹ̀ méjèèjì gbà.

Nathaniel gbọ́ gbogbo rẹ̀ lẹ́nu Marwa. Ó sunkún, àwọn oníbàárà rẹ̀ sì bá a kẹ́dùn. Ó ní ẹkún yẹn kì í ṣe ẹ̀tàn. Mo bi í pé, ṣé ó wá pe Àsíátù kó má wá mọ́? Ó ní kí n ṣáà máa kọ ọ́ lọ.

Àsíátù dé. Ó jẹ́ obìnrin kékeré kan tó wọ ìjáàbù, ó ń yára sọ̀rọ̀, ó ń yára rẹ́rìn-ín. Ṣọ́ọ̀bù kún, torí Nathaniel ti sọ fún àwọn èèyàn pé ará Àkúrẹ́ kan ń bọ̀ wá kí òun. Àsíátù jókòó tì í nídìí láptọ̀ọ̀pù.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ dá òjìji aṣọ́lé nìkan padà, kí n rí bí ẹ ṣe ń ṣe é.”

Nathaniel ṣí fáìlì kan, ó pa á dé. Ó ṣí òmíràn. Òógùn bò ó. Gémù náà tiẹ̀ kọ̀, kò ṣí mọ́.

“Ó máa ń ṣe báyìí nígbà mìíràn,” ó ní.

Àsíátù wò ó. “Ohùn yín yàtọ̀ sí tinú fóònù.”

“Òtútù ló mú mi, mà.”

“Ẹni tó wà nínú fóònù mọ ohun tó ń ṣe.” Ó yọ fóònù rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ kí gbogbo wọn gbọ́: “Gémù bọ́ọ̀lù yẹn ti ń lọ dáadáa lórí láptọ̀ọ̀pù kékeré. Mo ti yọ òjìji gbogbo wọn…”

Marwa fi kọ́ńtíróòlù sílẹ̀.

“Ẹ tún un tẹ̀, mà. Láti ìbẹ̀rẹ̀.”

Ó tún un tẹ̀. Àwọn tó wà níbẹ̀ yíjú sí fóònù náà lọ́kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n ṣe ń dá ohùn náà mọ̀.

“Ohùn Fálúyì nìyẹn,” ni Marwa wí. “Fóísì nóòtì tí wọ́n torí ẹ̀ fọ́ ọ lójú nìyẹn. Ó dé orí fóònù tèmi náà. Mo ní bóyá ó ti ń ṣe nǹkan mìíràn lẹ́yìn wa.” Ó yíjú sí Nathaniel. “Gémù ò sí nínú èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí wa. Ta ló gé e?”

Nathaniel na ọwọ́ láti pa láptọ̀ọ̀pù náà dé.

“Nathaniel, ta ló gé e?”

“Mi ò mọ̀ pé wọ́n á…”

“You wicked, Nathaniel. I swear, you wicked.” Marwa ò lù ú. Nathaniel ní ì bá tẹ́ òun lọ́rùn bó bá lu òun.

“Ta ni Fálúyì?” Àsíátù béèrè. “Níbo ló wà? Ẹ mú mi lọ bá a.”

Wọ́n sọ fún un. Ó pa fóònù rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká.

“Iṣẹ́ ojú ni iṣẹ́ wa,” ó ní, bíi pé ara rẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀. Ó jáde, àwọn tó kù sì tẹ̀lé e.

Nígbà tí wọ́n dá Fálúyì sílẹ̀ nílé ìwòsàn l'Ọ̀wọ̀, ìyá rẹ̀ ò ní ibòmíràn tó lè gbé e lọ. Àwọn àgbà àdúgbò gbà kí wọ́n padà wálé, wọ́n ní kí ọmọ náà ṣáà má yọjú sójú ọ̀nà, torí àwọn ọmọdé. Marwa ti ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ fún wọn títí ẹnu fi bó o. Wọ́n ní òun náà wà nínú ẹgbẹ́ wọn.

Nathaniel wá pinnu pé òun á lọ sí Ọ̀kà lọ fẹnu ara òun sọ ọ́. Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú, nígbà tí àdúgbò péjọ fún ìpàdé níwájú ilé Bàbá Ilésanmí, tó jẹ́ alága wọn, ó dojúbolẹ̀ nínú iyẹ̀pẹ̀.

“Irọ́ ni mo pa mọ́ Fálúyì! Gémù ni! Èmi ni mo gé ohùn rẹ̀! Ẹ gbọ́ gbogbo ẹ̀!” Ó tẹ̀ ẹ́ fún wọn, odidi, pẹ̀lú ibi tí Fálúyì ti pe orúkọ rẹ̀ níwájú.

Wọ́n gbọ́ ọ títí dé òpin. Wọ́n ń wo ara wọn.

“Kọ̀mpútà ló ṣe ìyẹn,” ọkùnrin kan wí. “Wọ́n ti ń fi kọ̀mpútà ṣe ohùn èèyàn báyìí.”

“Kì í ṣe kọ̀mpútà! Ẹ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi n'Ìkàrẹ́, gbogbo wa la jọ ń yọ òjìji níbẹ̀!”

“Ẹ gbọ́ o! Wọ́n ti pọ̀ tóyẹn n'Ìkàrẹ́!”

Bàbá Ilésanmí fà á dìde, ó gbọn iyẹ̀pẹ̀ ara rẹ̀. “Ọmọ yìí, àánú rẹ ti pọ̀ jù. Ìwọ lo gba àwọn ọmọ wa là. Má fi ẹ̀bi ọ̀rẹ́ sọ́rùn ara rẹ.” Àwọn ìyá ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀kan gbé ọmọ rẹ̀ wá kó wúre fún un.

Ó yíjú sí Florence. “Mọ́mì, ẹ̀yin mọ̀. Ẹ sọ fún wọn.”

Florence wò ó. Nathaniel rí i lójú rẹ̀ pé gbogbo rẹ̀ ló ti yé e, kò ku ẹyọ kan. Ó gbé ọwọ́ lé e lórí.

“Ẹ̀mí tó ń da ọmọ mi lórí rú,” ó ké, “jáde!”

“Àmín!” ni gbogbo wọn dáhùn, àwọn tó já ilẹ̀kùn àti àwọn tó sun òfì, àti ẹni tó gbé omi bátìrì, níbikíbi tó wà láàárín wọn. Ta ni nínú wọn tó lè gbà á gbọ́, kó sì tún lọ sílé lọ jẹun? Bí Nathaniel ṣe ń pariwo tó ni wọ́n ń gbàdúrà tó. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, wọ́n fún un lómi.

Ó rìn yí ògiri ilé Florence po, ó wọ agbo ilé Ìyátúndé. Obìnrin náà jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fọ báńdéèjì nínú bàsíà. Kò gbójú sókè.

“Màmá,” Nathaniel kúnlẹ̀, “mo ti sọ fún wọn. Mo sọ gbogbo ẹ̀. Wọn ò gbà mí gbọ́.”

“Mo gbọ́ ọ láti ibí.”

“Ẹ̀yin ńkọ́, Màmá?”

“Èmi gbà ọ́ gbọ́.”

Ẹkún gbé e. Ó na ọwọ́ láti di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Ìyátúndé fa ẹsẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn, ó sì ń fún báńdéèjì náà lọ.

Ìró ọwọ́ tó ń fà lára ògiri wá láti inú ilé. Fálúyì dé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó dúró.

“Ìyá mi, mo gbóhùn. Ta lẹ ń bá sọ̀rọ̀?”

Ìyátúndé wá gbójú sókè. Ó wo Nathaniel láti orí dé ẹsẹ̀, kò yára.

“Kò séèyàn níbí, ọmọ mi,” ó ní. “Padà sínú ilé.”